Kátíríìjì fún Ààbò Ilé: Èwo Ló Ṣeé Gbẹ́kẹ̀ Lé, Èwo Ló Yẹ Ká Sá Fún?

Ọ̀rọ̀ ìbọn ló délẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tó wúwo ni, ṣùgbọ́n kò sí ibi tá a ti ń jókòó níbí tí wọn kì í ti í dá a sílẹ̀, yálà lópòópónà Mansour ní Mẹ́kà ni o, tàbí níbi ìsọmọlórúkọ ní Jẹ́dà. Ẹnì kan ti kọ́lé sí Ìlọrin, ẹnì kan sí Ìsẹ́yìn, ẹnì kan sí Ọ̀wọ̀. Bàbá àti Màmá ló ń gbénú ilé náà, àwa wà níbí là ń fowó ránṣẹ́. Láti ọjọ́ 5, oṣù Kẹfà, ọdún 2022, tí àwọn oníbọn ya wọ ìjọ Àgùdà St. Francis ní Ọ̀wọ̀, tí wọ́n sì pa bí 40 èèyàn, ìbéèrè náà ò dáwọ́ dúró mọ́: ṣé kí n ra ìbọn sílé fún Bàbá? Irú ọta wo ni kí wọ́n máa kì sí i?

Ìdáhùn tí mo sábà ń gbọ́ ni pé "ra èyí tó lágbára jù." Ilé ọdẹ ni wọ́n bí mi sí, mo sì lè sọ fún yín pé ìdáhùn yẹn ò dáa. Ọta tó dáa fún ilé ni èyí tó bá ìbọn náà mu rẹ́gí, tó gbẹ, tí kò tíì gbó, tí wọ́n ti yìn wò nínú ìbọn yẹn gan-an, tẹ́ ẹ sì mọ ibi tó máa balẹ̀ sí bí kò bá ba olè. Èyí tó bá ku ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí, ẹ jẹ́ kó wà ní ìsọ̀ ẹni tó ń tà á.

Níbi tá a wà yìí ńkọ́?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ parí ọ̀rọ̀ ti Saudi, torí kò gùn. Òfin ìbọn àti ọta ti ilẹ̀ yìí, tí wọ́n fi àṣẹ ọba M/45 gbé jáde ní ọdún 2005 (1426 Hijra), sọ ọ́ di dandan kéèyàn gba ìwé àṣẹ lọ́dọ̀ iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ètò abẹ́lé. Ìbọn tí kò níwèé, ẹ̀wọ̀n ni, owó ìtanràn ni, àlejò sì lè bá a dé orí pé kí wọ́n dá a padà sílé. Ọta náà wà nínú òfin yẹn, kì í ṣe ìbọn nìkan. Lóòótọ́ ẹ máa ń rí àwọn ọmọ onílẹ̀ tó ń ra ìbọn ọdẹ níbi àfihàn àṣá àti ọdẹ tí wọ́n ń ṣe ní Malham, lápá àríwá Riyadh. Ìyẹn tiwọn ni, ó ní ìlànà tiẹ̀. Àwa tá a wá ṣiṣẹ́, tá a wá ṣòwò, tàbí tá a wá ṣe Hájì, kò kàn wá.

Ti Mẹ́kà tún wá le ju ti ibòmíràn lọ. Gbogbo wa la mọ̀ pé wọn kì í dọdẹ nínú ààlà Haram, kódà wọn kì í lé ẹran ìgbẹ́ kúrò níbi tó dùbúlẹ̀ sí. Ẹni tó bá sì wọ ìrámì, ọdẹ ti di èèwọ̀ fún un títí tó fi máa bọ́ ọ. Ní ti ìbọn, ìlú yẹn ò gbàgbé ọjọ́ 20, oṣù Kọkànlá, ọdún 1979, tí Juhayman al-Otaybi àti àwọn èèyàn rẹ̀ kó ìbọn wọ Mọ́sálásí ńlá, tó fi di ọ̀sẹ̀ méjì kí wọ́n tó gbà á padà lọ́wọ́ wọn. Ẹ̀ṣọ́ tẹ́ ẹ ń rí níbẹ̀ lónìí kì í ṣe eré.

Ibi tí mo ń lọ rèé: báàgì. Àwọn èèyàn wa ń ti ilé bọ̀ fún Úmúrà tàbí Hájì, wọ́n á lọ fa báàgì àtijọ́ yọ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, tàbí kí Bàbá wọ jákẹ́ẹ̀tì tó fi ń lọ oko. Kátíríìjì kan ṣoṣo lè wà nínú àpò kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, tí kò sẹ́ni tó rántí rẹ̀ mọ́. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yẹ ẹrù wò ní pápákọ̀ òfurufú máa rí i, ojú ẹ̀rọ yẹn ò sì mọ baba àgbà yàtọ̀ sí jàǹdùkú. Torí náà, ẹ pe ilé, ẹ ní kí wọ́n tú gbogbo àpò báàgì náà síta kí wọ́n tó di ẹrù sí i. Èèpo ọta tí wọ́n ti yìn, tí ọmọdé fi ń ṣeré, kí wọ́n yọ òun náà kúrò. Bẹ́ẹ̀ náà ni kẹ́ ẹ ṣe tẹ́ ẹ bá ń ti ibí lọ sí Lọ́ńdọ̀nù tàbí ibòmíràn.

Nílé, ta ni òfin fún láyè?

Ọ̀pọ̀ ló rò pé tówó bá ti wà, ìbọn ti dé. Òfin ìbọn ti Nàìjíríà ti wà láti ọdún 1959, ó sì pín ìbọn sí ìsọ̀rí mẹ́ta. Ṣakabùlà àti irú ìbọn tí wọ́n ń kì látẹnu wà nísọ̀rí kan. Ìbọn olójú kan àti olójú méjì tó ń lo kátíríìjì, tí wọ́n ń ṣẹ́ láàárín kí wọ́n tó ki ọta sí i, wà nísọ̀rí kejì, ìyẹn ìbọn tí ọlọ́pàá lè fún èèyàn ní ìwé àṣẹ fún. Ìsọ̀rí tó kù ni èyí tí wọ́n fòfin dè. Ìbọn tó ń gba ọta wọlé fúnra rẹ̀ wà níbẹ̀, òfin náà sì yọ gbogbo ìbọn kátíríìjì tó bá ní ẹ̀rọ tó ń gbé ọta mìíràn wọlé kúrò lára èyí tí ọlọ́pàá lè fún aráàlú. Ohun tí ìyẹn ń sọ ni pé pump-action tí gbogbo èèyàn ń sọ nípa rẹ̀ yìí, kì í ṣe ohun tí aráàlú lásán ń rà sílé. Ẹni tí wọ́n bá ká ìbọn tí wọ́n fòfin dè mọ́ lọ́wọ́, ẹ̀wọ̀n rẹ̀ kì í dín ní ọdún 10.

Ẹ rántí iye tí àwọn aṣọ́bodè ti gbà. Ní oṣù Kìíní, ọdún 2017, wọ́n gba pump-action 661 ní Èkó. Ní oṣù Karùn-ún ọdún yẹn, 440. Nígbà tó di oṣù Kẹsàn-án, 1,100. Ní ọdún 2024, ní èbúté Onne ní ìpínlẹ̀ Rivers, wọ́n rí ìbọn 844 àti ọta 112,500 nínú kọ̀nténà kan tó ti Tọ́kì wá. Nítorí náà, ẹni tó bá sọ fún yín pé òun lè bá yín fi páálí ọta méjì sáàárín ẹrù tó ń lọ sílé, ẹ má dá a lóhùn.

Òfin yẹn sọ pé ẹni tí kò tíì pé ọdún 17, ẹni tí orí rẹ̀ ò pé, ẹni tí ojú rẹ̀ ò ríran dáadáa, ọ̀mùtí, àti ẹni tí wọ́n ti dá lẹ́bi ìwà ipá láàárín ọdún márùn-ún sẹ́yìn, kò gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ. Ẹ kà á dáadáa, torí Bàbá tí ojú ń dùn, tá a fẹ́ ra ìbọn fún, wà nínú rẹ̀. Orúkọ ẹnì kan ló sì ń wà lórí ìwé náà. Èyí ló ń ba ọ̀pọ̀ wa tó wà lẹ́yìn odi jẹ́: èèyàn á gba ìwé lórúkọ ara rẹ̀ nígbà tó lọ ìsinmi, á padà sí Jẹ́dà, á wá fi ìbọn àti ọta sílẹ̀ fún ọlọ́dẹ tó ń ṣọ́ géètì. Ìwé tìẹ kò bo ọlọ́dẹ o. Lójú òfin, ìbọn tí kò níwèé ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, ìwọ lo sì gbé e fún un. Tí kò bá sí ẹni tó níwèé nínú ilé náà, ẹ fi owó ìbọn yẹn ṣe géètì tó lágbára, iná tó ń tàn lóru, ajá gidi, kẹ́ ẹ sì bá àwọn ẹ̀ṣọ́ àdúgbò sọ̀rọ̀. Láti ọjọ́ 9, oṣù Kìíní, ọdún 2020 tí wọ́n ti ṣí Àmọ̀tẹ́kùn ní Ìbàdàn, ọ̀pọ̀ ìlú ló ti ní nọ́ńbà tí wọ́n lè pè.

Ẹ̀yin tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù, tiyín tún yàtọ̀: "mo fẹ́ fi dáàbò bo ilé mi" kì í ṣe ìdí tí ọlọ́pàá ibẹ̀ máa tìtorí rẹ̀ fún èèyàn níwèé. Ti Amẹ́ríkà ń yí láti ìpínlẹ̀ sí ìpínlẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ sọ nípa ọta gan-an, ibi gbogbo ló ti wúlò.

Kí ló wà nínú kátíríìjì?

Ẹ fojú inú wo agolo kékeré kan. Ìdí rẹ̀ jẹ́ idẹ tàbí irin, ara rẹ̀ jẹ́ ike. Láàárín ìdí yẹn ni káàpù wà, ohun róbótó kékeré tí irin ṣóńṣó inú ìbọn máa gbá. Káàpù á tanná sí ẹ̀tù, ẹ̀tù á jó, èéfín rẹ̀ á ti ike kan tó jókòó lé e lórí, ike yẹn ló ń ti ọta wẹ́wẹ́ síwájú. Orí agolo náà, wọ́n ṣẹ́ ẹ po bí ẹni di ẹ̀kọ. Tí ìbọn bá bú, ibi tí wọ́n ṣẹ́ po yẹn á ṣí sílẹ̀ gbalaja.

Ẹ di ìṣísílẹ̀ yẹn mú, torí òun lọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀. Gígùn tí wọ́n kọ sára kátíríìjì, gígùn ìgbà tó bá ti ṣí ni. Èyí tí wọ́n kọ 76 milimítà sí lára lè wọ inú ìbọn tí ihò ọta rẹ̀ jẹ́ 70 wọ́ọ́rọ́wọ́, ẹ ò ní mọ̀ pé nǹkan kan ń ṣe é. Ìgbà tẹ́ ẹ bá fà á ni kò ní ráàyè ṣí, agbára inú rẹ̀ á lọ sókè kọjá ohun tí ìbọn lè gbà. Ní ilẹ̀ wa, ọ̀rọ̀ yìí le ju bí ẹ ṣe rò lọ, torí ìbọn olójú méjì tí bàbá àgbà fi sílẹ̀, tó ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá láyé ìjọba amúnisìn, púpọ̀ nínú wọn ni ihò ọta wọn kò ju 65 milimítà lọ. Ọta 70 tó kún ọjà lónìí kì í ṣe tiwọn. Ẹ ṣẹ́ ìbọn náà, ẹ wo abẹ́ bárẹ̀lì níbi tó ti pàdé ara ìbọn: ilé ìdánwò ti Birmingham tàbí ti London máa ń tẹ àmì àti nọ́ńbà síbẹ̀. Tí nọ́ńbà ibẹ̀ ò bá yé yín, tàbí tí ìpẹta ti jẹ ẹ́, ẹ gbé e lọ fún ẹni tó mọ ìbọn wò, tó ní ìwé iṣẹ́. Tí ara bárẹ̀lì bá ní ìlà wúruwùru bí aṣọ àdìrẹ, ẹ má yìn ín rárá. Irin tí wọ́n lọ́ pọ̀ ni, ti ayé ẹ̀tù dúdú. Ẹ gbé e kọ́ sára ògiri kẹ́ ẹ máa fi rántí baba.

Ewu kejì ni gauge. Gauge 12 ló wọ́pọ̀ jù nílé; ohun tó túmọ̀ sí ni pé tí wọ́n bá fi òjé ìwọ̀n pọ́ùn kan ṣe bọ́ọ̀lù méjìlá tó dọ́gba, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn á bá ẹnu ìbọn yẹn mu. Gauge 20 kéré sí i. Tí ẹnì kan bá fi ọta 20 sínú ìbọn 12, kò ní dúró níbi tó yẹ, á yọ̀ wọ inú bárẹ̀lì lọ, á há síbẹ̀. Ìbọn á kọ̀, onítọ̀hún á rò pé kò sí ọta nínú rẹ̀, á tún ki 12 sí i lẹ́yìn, á sì fà á. Bárẹ̀lì á bẹ́, ọwọ́ òsì tó fi dì í mú ni yóò sì bá lọ. Nítorí èyí ni wọ́n ṣe ń fi ike àwọ̀ èsúrú ṣe gauge 20 káàkiri ayé. Nínú ilé kan, kó máa jẹ́ gauge kan ṣoṣo. Èmi ò rí ìdí tó fi yẹ kí méjèèjì pàdé.

Kí ló ń mú kí ìbọn kọ̀?

Omi ni olórí ọ̀tá. Ẹ̀yin tó wà ní Jẹ́dà, ẹ wo bí ọ̀rinrin Òkun Pupa ṣe ń jẹ géètì àti ilẹ̀kùn ọkọ̀. Atẹ́gùn Èkó àti Bàdágìrì náà bí i ni, òkè ọya nìkan lara irin ti ń tù díẹ̀. Kátíríìjì ayé àtijọ́ tí ara rẹ̀ jẹ́ páálí, ṣe ni wọ́n ń wú lásìkò òjò, wọn ò ní lè wọlé, tàbí kí wọ́n wọlé kí wọ́n má jáde mọ́. Ike tó dé láti ọdún 1960 ti dín ìyẹn kù, ṣùgbọ́n omi ṣì ń gba ẹ̀gbẹ́ káàpù àti orí tí wọ́n ṣẹ́ po wọlé.

Òróró ni ọ̀tá kejì, òun sì ni wọn kì í fura sí. Èèyàn á nu ìbọn, á tún fi àkísà olóróró kan náà nu ọta kó lè máa dán. Òróró á rọra wọ inú káàpù, á pa á. Àkísà gbígbẹ ni kẹ́ ẹ fi nu ọta. Oòrùn ńkọ́? Páálí ọta tí wọ́n fi sẹ́yìn ọkọ̀ lóṣù Kẹta ní Ògbómọ̀ṣọ́, ooru yẹn ń ba ẹ̀tù jẹ́ díẹ̀díẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni àtúndì. Àwọn kan wà tí wọ́n ń ṣa èèpo tí wọ́n ti yìn, tí wọ́n ń fi nǹkan tí ẹnikẹ́ni ò wọ̀n kún inú rẹ̀, tí wọ́n á tún fi páálí tuntun dì í. Ọ̀kan lè má dún, ìkejì lè bẹ́ mọ́ èèyàn lójú. Ẹ máa wò bóyá orí kátíríìjì ṣẹ́ po dọ́gba, bóyá ojú káàpù ní àpá gbígbá tẹ́lẹ̀, bóyá ìdí rẹ̀ ní ìhà tí wọ́n ti fa nǹkan yọ. Mo ti wọ ìsọ̀ kan rí tí wọ́n ti kó ọta àkójọ sínú àpò ráìsì, oríṣi mẹ́rin pọ̀, kò sí páálí, kò sí nọ́ńbà. Mo kí wọn, mo jáde.

Ọta tó dáa, páálí rẹ̀ kò tíì ṣí, nọ́ńbà ìṣètò kan náà ló wà lára páálí gbogbo. Ìdí rẹ̀ ń dán, kò ní ewé idẹ, ìyẹn nǹkan aláwọ̀ ewé tó ń hù lára idẹ. Káàpù rẹ̀ jókòó dọ́gba pẹ̀lú ìdí tàbí kó wọlé díẹ̀. Tó bá yọ síta, ẹ dá a padà. Idẹ sì sàn ju irin lọ fún ìdí ọta, pàápàá nínú ìbọn tí ihò rẹ̀ ti ní àpá, torí irin máa ń wú mọ́ ihò tí kò sì fẹ́ jáde. Ní ti bí idẹ yẹn ṣe ga tó lára ọta, láyé àtijọ́ ó ń fi agbára hàn, lónìí ọ̀ṣọ́ lásán ni lọ́pọ̀ ìgbà.

Ẹ wá dán an wò. Ìbọn ṣófo, ẹnu rẹ̀ kọjú síbi tí kò séwu. Ẹ jẹ́ kí kátíríìjì kọ̀ọ̀kan fúnra rẹ̀ jábọ́ sínú ihò, kẹ́ ẹ sì dojú ìbọn sókè kó fúnra rẹ̀ yọ́ jáde. Èyí tẹ́ ẹ bá fi àtàǹpàkò tì, kì í ṣe ti ààbò ilé. Nínú páálí 25, kí ẹni tó níwèé yin márùn-ún lóko, níbi tí òkìtì erùpẹ̀ wà lẹ́yìn ohun tó ń yìn. Tí ọ̀kan bá kọ̀ nínú márùn-ún yẹn, gbogbo páálí náà ti di ti eré ìdárayá nìyẹn. Bí ó bá sì jẹ́ pé bárẹ̀lì kan ṣoṣo ló ń kọ̀ lára olójú méjì, tí àpá tó wà lójú káàpù fẹ́ẹ́rẹ́, a jẹ́ pé ara ìbọn ni, irin tó ń gbá káàpù ti rẹ̀.

Ọta wẹ́wẹ́, ọta ńlá, àbí olódidi?

Mẹ́ta ni ọ̀nà. Ọta ẹyẹ wẹ́wẹ́, ọgọ́rọ̀ọ̀rún nínú kátíríìjì kan. Nọ́ńbà 7½ tí wọ́n fi ń pa àdàbà kò ju milimítà 2.4 lọ. Ọta ńlá tí òyìnbó ń pè ní buckshot: 00 jẹ́ milimítà 8.4, mẹ́sàn-án ló sábà ń wà nínú gauge 12 tó jẹ́ 70. Nọ́ńbà 4 ti buckshot jẹ́ milimítà 6.1, bíi 27 ló sì ń wà níbẹ̀. Ẹ̀kẹta ni olódidi kan ṣoṣo, òjé bíi gíráàmù 28, tí wọ́n ń pè ní slug.

Slug kò ní í wọlé mi. Ohun tí wọ́n fi ń pa ẹfọ̀n ni kò yẹ kó wà nínú ilé tí ọmọ ń sùn sí. Ọta ẹyẹ, àwọn kan fẹ́ràn rẹ̀ torí kì í la nǹkan kọjá púpọ̀. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ó lè má dá ẹni tó wọ aṣọ nípọn dúró, láàárín yàrá kan ó sì ṣì ń pa èèyàn, torí náà kì í ṣe ọta ìdẹ́rùbà o. Ọta ńlá ni àwọn ọlọ́pàá ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ fẹ́ràn fún irú iṣẹ́ yìí. Láàárín tiẹ̀ náà, èmi máa yan èyí tí ẹ̀tù rẹ̀ jẹ́ déédéé, tí kì í gbá èjìká jù, dípò "magnum." Bàbá ẹni ọdún 65 tí ìbọn ti gbá léjìká lẹ́ẹ̀kan á máa dijú kó tó fà á lẹ́ẹ̀kejì. Olójú méjì sì rèé, ọta méjì péré ló ní.

Fíìmù ti kọ́ wa pé ìbọn kátíríìjì ń gbá gbogbo yàrá lọ. Irọ́ ni. Fún mítà kọ̀ọ̀kan, ọta ń fẹ̀ sí i ní bíi sẹ̀ǹtímítà méjì sí mẹ́ta. Nínú pálọ̀ tó gùn ní mítà márùn-ún, ibi tó bà kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ó gbọ́dọ̀ fojú sun ún, ó sì lè tàsé.

Tó bá wá tàsé ńkọ́? Ìwé òyìnbó tó ń sọ nípa ògiri, ògiri pákó àti páálí ti Amẹ́ríkà ló ń sọ. Ilé tiwa búlọ́ọ̀kù ni, búlọ́ọ̀kù tí wọ́n rẹ́ dáadáa sì ń gba ọta dúró ju pákó lọ. Ṣùgbọ́n ẹ ka iye ibi tí kì í ṣe búlọ́ọ̀kù nínú ilé yín: ilẹ̀kùn pákó, fèrèsé gíláàsì, àjà, géètì páànù tẹ́ẹ́rẹ́. Ọta ńlá á gba gbogbo wọn kọjá. Kí ẹ bá Bàbá rìn káàkiri ilé náà lọ́sàn-án gangan nígbà tẹ́ ẹ bá lọ sílé: ẹni wo ló ń sùn lẹ́yìn ilẹ̀kùn yẹn? Ilé ta ni fèrèsé yìí kọjú sí? Ibo ló lè dúró sí tí ògiri gidi á fi wà lẹ́yìn ohun tó bá ń yìn? Ibi tí kò bá sí ìdáhùn, kó mọ̀ pé kò gbọ́dọ̀ yìnbọn síbẹ̀, ohun yòówù kó dé.

Tí ìbọn bá dún "kẹ́ṣẹ́" tí kò bú, kó máa kọjú ẹnu rẹ̀ síbi tí kò séwu fún ìṣẹ́jú kan, kó tó ṣẹ́ ẹ. Ìgbà míì ẹ̀tù ń pẹ́ kó tó gbiná. Tó bá bú ṣùgbọ́n tí ohùn rẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́ bí ẹni tú ìdérí ìgò, kó má tíì ki òmíràn sí i rárá: nǹkan lè há sí bárẹ̀lì. Kó tú u, kó wò ó látẹ̀yìn títí tí á fi rí ìmọ́lẹ̀ kọjá. Nígbà ìdánwò lóko ni mò ń sọ o. Ní òru tí olè bá wà nílé, sísá wọ yàrá tó ní kọ́kọ́rọ́ àti pípe ẹ̀ṣọ́ ló kù.

Ìfipamọ́

Ọta àti ìbọn kì í sùn síbì kan náà. Ìbọn nínú kọ́bọ́ọ̀dù onírin tí wọ́n ti pa, ọta nínú àpótí mìíràn tó ní kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀, lókè ilẹ̀, jìnnà sí ilé ìdáná àti ibi tí jẹnẹrétọ̀ wà. Ẹ lè fi àwọn àpò kékeré tó ń fa omi, tí wọ́n ń kó sínú bàtà àti rédíò tuntun, sínú rẹ̀. Ẹ fi ìkọ̀wé kọ oṣù àti ọdún tẹ́ ẹ rà á sára páálí. Ọta tó gbẹ ń pẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, síbẹ̀ èmi máa ń ní kí wọ́n fi èyí tó bá ti lo ọdún mẹ́ta dánra wò lóko, kí wọ́n ra tuntun fún ilé. Èyí tó bá ti wọ inú ìbọn tó sì jáde léraléra, kí wọ́n kọ́kọ́ lo ìyẹn, torí orí rẹ̀ á ti máa tú.

Oṣù Kejìlá àti àsìkò Iléyá ni kẹ́ ẹ fọkàn sí jù. Àwọn ọmọ wa ń ti Jẹ́dà àti Lọ́ńdọ̀nù lọ sílé, wọn ò rí ìbọn rí àfi lórí tẹlifíṣọ̀n, wọ́n á sì ṣí gbogbo dúrọ́ọ̀ tó wà nílé ìyá àgbà kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́. Kẹ́ ẹ tó wọkọ̀ òfurufú, ẹ pe ilé kẹ́ ẹ bi wọ́n léèrè ọta méjì tí Bàbá máa ń fi sábẹ́ ìrọ̀rí.

Ọta tó bá ti dógùn-ún, tó ti wú, tàbí tẹ́ ẹ ò mọ orísun rẹ̀, ẹ má jù ú síná, ẹ má sì rì í mọ́lẹ̀ lẹ́yìnkùlé níbi tí ọkọ́ ti máa kàn án lọ́jọ́ kan. Kí ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lórí ìwé àṣẹ kó o lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá tó ti ń tún ìwé rẹ̀ ṣe lọ́dọọdún, tàbí sọ́dọ̀ oníṣòwò ọta tó níwèé, kó gba rìsíìtì, kó sì fi rìsíìtì náà sínú fáìlì kan náà pẹ̀lú ìwé ìbọn.